Ewúro Nínú Òtútù Marshalltown

Lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní 1886 ni Henry Brown Marshall gé ilẹ̀ àdúgbò wa, Marshalltown ní Joburg, sí púlọ́ọ̀tì. Orúkọ rẹ̀ la ṣì ń pè é. Pápá koríko ni tẹ́lẹ̀, ó sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,700 mítà. Ìdí nìyẹn tí ìrì fi ń dì sórí ewé ní Oṣù Kẹfà àti Keje. Jakaránda tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà pàápàá, òtútù a máa pa ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dàgbà kó tó lè fara dà á.

Ewúro mi àkọ́kọ́ kú ní alẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewé rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ jọwọrọ bí èyí tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Látìgbà náà, mo gbin òmíràn sínú garawa, mo sì gbé e ti ògiri bíríkì tó kọjú sí àríwá, níbi tí oòrùn ń pa sí. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, mo fi igi mẹ́ta gbé àpò ìdọ̀họ lé e lórí, kí àpò má kan ewé. Bí oòrùn bá yọ, mo ṣí i.

Ọyẹ́ ilé kò kọ́ wa ní èyí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ewúro ní Joburg, kó wá àpò kó tó wá igi ewúro.