PS2, Xbox, GameCube àti Dreamcast: Èwo Ló Lágbára Jù?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bọ̀dá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa. Ọ̀rẹ́ yìí ní ìbátan kan ní London tó ní Xbox, ó wá ń sọ pé PS2 tí gbogbo wa tò sí iwájú rẹ̀, tí a ń sanwó kí a tó gbá Winning Eleven, ẹ̀rọ ọ̀lẹ ni. Bọ̀dá mi ní irọ́ ló ń pa. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọkùnrin yẹn sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹta ọdún 1999. Sega ti ń ta Dreamcast ní Japan láti oṣù kọkànlá ọdún 1998. Ni Sony bá bọ́ síta, wọ́n ní ẹ̀rọ tí àwọn ń ṣe lọ́wọ́ lè ya polygon mílíọ̀nù 75 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ni Sega sọ pé tiwọn ń yà.

Kí ni polygon? Gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú géèmù, ojú agbábọ́ọ̀lù, taya mọ́tò, ewé igi, igun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tó fi di odindi. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ sí i ni nǹkan ṣe ń jọ ti gidi sí i. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 75 yẹn, ìgbà tí ẹ̀rọ náà kò bá ṣe nǹkan mìíràn rárá ni. Kò ní kun àwọ̀ sí i, kò ní tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kò ní ronú nípa ọ̀tá tó ń lé yín bọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ta dáńfó tó ní ọkọ̀ òun ń sá 160 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò sọ fún yín pé èrò kankan kò sí nínú rẹ̀, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì ti sá a.

Orí ìwé ni agbára yẹn wà, àmọ́ ó pa ẹ̀rọ tó wà láyé. Dreamcast dé Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ó sì kọ́kọ́ tà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn di owó wọn mú, wọ́n ń retí PS2. Nígbà tí PS2 jáde ní Japan ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2000, àwọn géèmù rẹ̀ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Dreamcast lọ. Etí àwòrán wọn rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Mẹ́mọ̀rì àwòrán tó wà nínú PS2 kò ju 4MB lọ, ti Dreamcast jẹ́ 8MB! Ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún Sega. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2001, wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Isao Okawa, alága wọn, dárí gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ jì wọ́n, ó tún dá ìpín ìdókòwò rẹ̀ padà fún ilé iṣẹ́ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ tó mílíọ̀nù 695 dọ́là. Oṣù kẹta ọdún yẹn náà ló kú. Láti ìgbà náà ni Sega ti ń ṣe géèmù fún ẹ̀rọ àwọn tí wọ́n jọ ń figagbága tẹ́lẹ̀. Títí di òní, ìtàn yìí máa ń dùn mí.

Ní ọdún 2001, GameCube àti Xbox dé. Ọpọlọ Xbox ń sáré 733 megahertz, ti GameCube 485, ti PS2 kò pé 300. Mẹ́mọ̀rì Xbox jẹ́ 64MB, ìlọ́po méjì ti PS2. Àmọ́ Nintendo ló yà mí lẹ́nu jù. Polygon mílíọ̀nù 6 sí 12 ni wọ́n sọ, nígbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́ gan-an. Bí ẹ bá gbé 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 75, ẹ ó rò pé GameCube ni ọ̀lẹ.

Resident Evil 4 ló tú àṣírí. Ó jáde lórí GameCube ní oṣù kìíní ọdún 2005, ó dé orí PS2 ní oṣù kẹwàá. Kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lórí PS2, wọ́n ní láti dín àwòrán rẹ̀ kù. Àwọn ibi tó dà bíi fíìmù láàárín géèmù náà, tí GameCube ń yà lójú ẹsẹ̀, fídíò tí wọ́n ká sílẹ̀ látinú ti GameCube ni PS2 kàn ń gbé jáde. (Wọ́n ṣe àfikún ìtàn Ada sí ti PS2 o, ká má ṣojúsàájú.)

Síbẹ̀, PS2 tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Xbox àti GameCube pọ̀, wọn kò tó mílíọ̀nù 50. PS2 ń gbé DVD, ó ń gba CD géèmù PS1, ó sì ti wà lọ́jà ṣáájú wọn. Ní ti àdúgbò wa, kí n má parọ́: CD tí wọ́n dà kọ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á fi chip sínú PS2, géèmù á wá di ohun tí ọmọ iléèwé lè fowó oúnjẹ ọ̀sán rà. CD GameCube kéré bí àtẹ́lẹwọ́, n kò rí ẹni tó ń tà á rí.

Mo ka gbogbo nọ́ńbà yìí fún bọ̀dá mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ̀bi o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọ̀rẹ́ mi yẹn ńkọ́? Ìwọ rí i kó gbá Xbox rí? PS2 ni gbogbo wa jọ ń tò fún.”