Mūmiyā: Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá Tí Ayé Ṣì Túmọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tí ó bọ́ lẹ́nu àwọn atúmọ̀ èdè, tí òkú ọmọ ènìyàn sì fi di àgúnmu.

Ọ̀rọ̀ náà ni mūmiyā. Láti inú èdè Páṣíà ni ó ti wá. Mūm ni wọ́n ń pe ìda níbẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí ń sun jáde láti inú àpáta ni mūmiyā, irú èyí tí àwọn ará Àgbábù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ dáadáa. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ fi ń wo egbò àti eegun tó ṣẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ dúdú, ó sì ń dán, wọ́n ní mūmiyā ni wọ́n fi kùn ún.

Abdul-Latif al-Baghdadi, oníṣègùn tí ó dé Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1200, rí ohun dúdú inú òkú yìí tí wọ́n ń tà. Síbẹ̀ ó ṣàlàyé pé mūmiyā gidi, láti orí òkè ni ó ti ń bá omi ṣàn wá. Àwọn ará Yúróòpù kò ka ìyàtọ̀ yìí sí. Orúkọ ọ̀dà di orúkọ òkú. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí “mummy”. Láàárín ọdún 1500 sí 1700, wọ́n ń lọ òkú ní ìyẹ̀fun, wọ́n ń tà á bí oògùn.

Ǹjẹ́ ọ̀dà wà lára àwọn òkú náà lóòótọ́? Níbo ni ó ti wá? Ìmọ̀ kẹ́mísìrì ilẹ̀ ni ó dáhùn.

Ní ọdún 1934, Alfred Treibs, ọmọ Jámánì, rí ohun kan nínú epo rọ̀bì tí ó jẹ́ ìbátan àwọ̀ ewé tútù. Ó hàn pé ara ohun abẹ̀mí ni epo ti wá: ewéko àti ohun wíwẹ́wẹ́ inú omi, tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ooru ilẹ̀ sì sè fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Bí ilà ojú ti ń fi ìdílé hàn, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́kù wọn ń fi orírun epo hàn. Nínú epo Niger Delta tiwa, wọ́n ń rí oleanane, tí í ṣe àmì igi olódòdó tí odò gbé wá sí etí òkun.

Ní ọdún 1988, Rullkötter àti Nissenbaum fi ohun dúdú ara òkú Íjíbítì wé ọ̀dà Òkun Òkú, tí Lárúbáwá ń pè ní al-Bahr al-Mayyit. Lára àwọn òkú kan, ilà méjèèjì bára mu. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mìíràn fi hàn pé ọ̀pọ̀ òkú kò ní ọ̀dà rárá. Oje igi, ọ̀rá àti ìda oyin ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ni ọ̀dà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má fojú kéré ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé gíga, ẹ má sá fún kẹ́mísìrì. Ìmọ̀ méjèèjì ni a fi tú ìtàn yìí palẹ̀. Kí á tó sọ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wádìí.