Hurston Lọ́dọ̀ Bàbá Kossola

Ní ọdún 1927, ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, Zora Neale Hurston, dé àdúgbò Africatown lẹ́bàá ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Carter G. Woodson, òpìtàn àwọn ènìyàn dúdú, ló rán an pé kó lọ fọ̀rọ̀ wá arúgbó kan lẹ́nu wò. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pe bàbá náà níbẹ̀. Oluale Kossola ni orúkọ tó gbé ti ilé wá.

Nǹkan bí ọdún 1841 ni wọ́n bí Kossola ní agbègbè Bantè, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwọn onímọ̀ ka àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ ẹ̀yà Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìṣà. Ní 1860, ogun Dàhòmì kó ìlú wọn lójijì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n kó o lọ sí Ouidah, wọ́n tà á, wọ́n sì kó òun àti àwọn mìíràn, tí gbogbo wọn tó bí àádọ́fà, sínú ọkọ̀ Clotilda lọ ṣẹrú ní Alabama, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti 1808. Òmìnira dé ní 1865, ṣùgbọ́n wọn kò rówó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì dá Africatown sílẹ̀.

Ìbẹ̀wò Hurston àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Ìròyìn tó tẹ̀ jáde lọ́dún náà, inú ìwé tí Emma Langdon Roche kọ ní 1914 ló ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ikú Hurston ni àwọn onímọ̀ tó rí i.

Ó padà lọ. Ó gba ìgboyà kí ènìyàn tó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú àgbà tí kò fún un lọ́rọ̀ gidi nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ lọ́wọ́ òfo: ó gbé èso píìṣì lọ, ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ó ra ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Bàbá ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Hurston sì bá a gbá a. Nígbà tí akàn ń wu Bàbá jẹ, ó fi mọ́tò gbé e lọ sétí omi. Orúkọ rẹ̀ gan-an, Kossola, ló fi ń kí i, omi sì lé sójú Bàbá.

Ọjọ́ mìíràn wà tí Bàbá kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ ọgbà rẹ̀ ló fẹ́ ṣe, á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Hurston á lọ, á sì padà wá.

Nígbà tó ní kí Bàbá ròyìn ara rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ ni Kossola fi bẹ̀rẹ̀. Hurston fẹ́ darí ọ̀rọ̀, Bàbá sì bá a wí pé a kì í sọ ti ọmọ ṣáájú ti bàbá. Ọmọ Yorùbá tó bá ti jókòó ti àgbà rí mọ bí èyí ṣe máa ń rí. Bí a bá fi ìkánjú béèrè ọdún tí a bí bàbá àgbà, ọdún lásán la ó gbà. Bí a bá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú, ilé àti ọ̀nà yóò jáde.

Nígbà tí ìtàn dé ibi tí ọmọ ogun Dàhòmì ti gbé orí àwọn ará ìlú rẹ̀ dání, Hurston rí i lójú Bàbá pé kò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó rọra dìde, ó sì lọ.

Ó fẹ́ ya Bàbá ní fọ́tò. Bàbá wọ kóòtù tó dára jù lọ, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí bí ẹni tó wà nílẹ̀ Áfíríkà. Itẹ́ òkú, níbi tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sùn sí, ló yàn láti dúró sí.

Ní 1931, ilé ìtẹ̀wé kan ní kí Hurston yí bí Bàbá ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì padà nínú ìwé tó fi ìtàn Bàbá kọ. Ó kọ̀. Kossola kú ní 1935, ìwé náà, *Barracoon*, kò sì jáde títí di 2018. Ní oṣù Karùn-ún 2019, ìjọba Alabama kéde pé wọ́n ti rí Clotilda nísàlẹ̀ odò Mobile. Iná ti jó nínú pákó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Africatown ti ń sọ ọ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn láti ọjọ́ pípẹ́, pé ṣe ni àwọn tó fi í kó ẹrú dáná sun ún kí àṣírí má bàa tú.