Òfin Méjì Lórí Ọ̀rá ní Dẹ́ńmárkì

Àwọn àgbà ní, “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.” Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ọ̀nà náà: ìjọba ni, tàbí ẹni tí ó ni ọ̀fun? Orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmárkì dán ìdáhùn méjì wò.

Ní 2003, àwọn tí ń ṣe oúnjẹ tà ni òfin dojú kọ. Bí a bá fi ẹ̀rọ sọ òróró di dídì, ọ̀rá tí a ń pè ní trans lè wà nínú rẹ̀, a sì máa fa àrùn ọkàn. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Àwọn tí ń jẹun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ lẹ́nu. Òfin náà sì dúró.

Ní oṣù kẹwàá 2011, ìjọba bu owó-orí lé ọ̀rá inú bọ́tà, wàràkàṣì àti ẹran. Ọjà wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń sọdá sí Jámánì lọ ra bọ́tà. Nígbà tí 2013 fi wọlé, òfin kejì ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní 2023, Nàìjíríà náà fi òfin gíráàmù 2 lélẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sínú oúnjẹ, ojú olùjẹun kò tó o. Ìjọba ni ó lè bá a ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì yàn, ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú òfin níbẹ̀.