Ọmú Lẹ́nu Ọmọ Tó Ti Ń Rìn

“Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun.” Ìjà ni a sábà máa ń fi òwe yìí jà. Bí ẹnìkan bá ń yọ ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́nu, a óò pa á fún un kó lè mọ̀ pé wàhálà tó dá sílẹ̀ yóò kan òun náà. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé abiyamọ ló kọ́kọ́ pa á, tàbí ẹni tó sùn sí yàrá kejì abiyamọ: ẹni tó ti gbọ́ ọmọ tó jí láago méjì òru, tó ń fa bùbá ìyá rẹ̀, tó ń ké pé òun fẹ́ mu ọmú.

Bí ọmọ náà bá jẹ́ jòjòló, kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá ti ń sáré kiri ilé, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ọmú níwájú àlejò, ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ yóò ní, “Ìyàwó, gba ọmú lẹ́nu ọmọ yìí, ó ti di omi lásán.” Ìyàwó yóò dáhùn pé, “Màámi, ẹ jẹ́ kó tún ṣe díẹ̀ sí i.” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́nu ọmú yóò ya dìndìnrìn.

Ọmú kò di omi rárá. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀rá inú ọmú máa ń pọ̀ sí i ni, ohun tó ń bá àìsàn jà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kó wá máa mu ún mọ́ oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín oṣù 12 sí 24, ọmú lè fún ọmọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ara rẹ̀ nílò. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni yóò pèsè ìyókù, nítorí náà ọmọ tó ń mu ọmú tí kò fẹ́ jẹun ló yẹ kí Màámi bá wí.

Òru gan-an ni iṣẹ́ wà. Prolactin, èròjà tó ń mú kí ara ṣe wàrà, òru ló máa ń pọ̀ jù lára ìyá. Melatonin tó ń bá oorun ṣiṣẹ́ wà nínú ọmú òru, ti ọ̀sán kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Ọmọ tó da oorun rú náà ló ń mu oorun padà. Èyí kò ní kó má rẹ ìyá o! Ẹni tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ta níkùn, tó ń fọwọ́ lọ́ orí ọmú kejì, tó gbọ́dọ̀ wọ dánfó láago márùn-ún, kò ní í rí ìtùnú nínú melatonin.

Láyé àtijọ́, ilé Yorùbá fi àṣà gbe ọmú yìí lẹ́sẹ̀. John Caldwell àti Pat, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ láti Ọsirélíà, kọ ọ́ ní 1977 pé obìnrin Yorùbá kì í bá ọkọ sùn nígbà tó bá ń tọ́ ọmọ lọ́mú, èyí sì lè gùn tó ọdún 2 tàbí 3. Àwọn Yorùbá gbà pé àtọ̀ ń ba ọmú jẹ́. Ìgbàgbọ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní àṣà náà hàn: oyún kì í tètè dé láti lé ọmọ kúrò láyà. Ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, dókítà Cicely Williams kọ̀wé ní àwọn ọdún 1930 nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú lẹ́yìn tí àbúrò ti gba ọmú lọ́wọ́ wọn, tó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ló kù fún wọn. Kwashiorkor ni àìsàn náà.

Lónìí, iṣẹ́ oṣù ló ń já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kí ni yóò fi ṣe, bí ọmọ bá wà ní Ìkòròdú tí òun wà ní Erékùṣù Èkó? Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà sàn jù ú lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ lè wá dúró sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kó mu tirẹ̀, kó sì sá padà sídìí eré.

Bí àkókò àtijá ọmọ lẹ́nu ọmú bá wá dé, àwọn kan a fi ewúro pa orí ọmú, àwọn kan a gbé ọmọ lọ fún ìyá àgbà fún ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ lè gbàgbé kíákíá, ṣùgbọ́n ọmú kì í gbàgbé: yóò kún, yóò le, ibà sì lè tẹ̀ lé e. Ó sàn kí ìyá kọ́kọ́ yọ ti ọ̀sán kan kúrò, kó fi ọjọ́ mélòó kan sí i kó tó yọ òmíràn. Bí ó bá kún jù, kó fún díẹ̀ dànù kí ara lè tù ú, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí bí ọmú bá ṣe ń ṣófo ni ara ṣe ń ṣe òmíràn.