Òfin lórí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ tó jáde lẹ́wọ̀n: Kirikiri àti Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní Nàìjíríà, ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìfọwọ́kàn tí kò tọ́, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé orúkọ ìjọba, ẹ̀wọ̀n tó bá ṣe tán kì í sì í pa á rẹ́ níbẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe lẹ́yìn náà ni òfin kò fi bẹ́ẹ̀ sọ.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ló wà ní Kirikiri, ní Èkó, nítòsí Kirikiri Lighter Terminal tí tánkà epo àti àjàgbé ti ń tò: èyí tí ààbò rẹ̀ le jù, ti àárín, àti ti obìnrin. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó, ìfipábánilòpọ̀ àti bíbá ọmọdé lòpọ̀ lè já sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù fún híhùwà àìtọ́ sí ọmọdé jẹ́ ọdún 7. Fífọwọ́ kan ènìyàn lọ́nà ìbálòpọ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ọdún 3. Irú àwọn wọ̀nyí ló ń padà sáàárín ìlú láìpẹ́, àwọn gan-an sì ni ìwé orúkọ náà wúlò fún jù.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí VAPP, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tó ní kí ìwé orúkọ àwọn tí a ti dá lẹ́bi wà ní àrọ́wọ́tó aráàlú. Abuja nìkan ni òfin náà kọ́kọ́ dè. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lò ó ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ṣí ìwé orúkọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Èkó ti ní tirẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2021 sì ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin tó dá DSVA, àjọ tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀, sílẹ̀. Èkìtì tiẹ̀ gbé fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ síta fáráyé rí.

Ní ìlú ọba, ẹlẹ́ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń rin ìrìn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá dá lẹ́bi ní Peckham gbọ́dọ̀ dé téṣàn ọlọ́pàá láàárín ọjọ́ 3 pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, kó tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì sọ fún wọn kó tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Tó bá kọ̀, ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura. Ẹni tó gba ẹ̀wọ̀n oṣù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí ìwé títí ayé, àmọ́ láti ọdún 2012, lẹ́yìn ìdájọ́ Kóòtù Gíga Jù lọ ní 2010, àgbàlagbà lè bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ọdún 15 kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Aráàlú kò lè ka ìwé náà. Àmọ́ òbí lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá nípa ẹnì kan pàtó tó ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ wà.

Ní Nàìjíríà, nínú VAPP, kò sí ọjọ́ 3, kò sí téṣàn. Tí ẹnì kan bá kúrò ní Kirikiri, tó gba yàrá ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé face-me-I-face-you tí ọmọdé ti ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àjẹ́ńtì á béèrè iṣẹ́ rẹ̀, á gba owó ilé, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn. Ta ló ń yẹ ìwé orúkọ wò níbẹ̀?

Òfin iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 tún da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n tó kọ́ṣẹ́ tó sì hùwà dáadáa ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀wọ̀n tó ṣe yà á sọ́tọ̀. Ìwé kan ní kí wọ́n gbà á, ìwé kejì ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ iṣẹ́ jórinjórin ló ń wá ní ẹ̀gbẹ́ èbúté, ìwé ẹ̀rí ló yẹ kó borí. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló fẹ́ wà, ìwé orúkọ ni.