Àánú Ọlọ́run ní Abúlé Àrò

Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò yé wa, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sọ pé, "Àrò ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ." Èébú ni orúkọ yìí dà lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn Àrò yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti gbé ọ̀pọ̀ ẹni tí ayé ti pa tì dìde.

Ní ayé ìjọba òyìnbó, ilé ìtìmọ́lé ni ilé tí wọ́n ṣí sí Yábàá, l'Ékòó, ní 1907 fún àwọn tí orí wọn dàrú. Wọ́n ń sé wọn mọ́lé kí wọ́n má baà da ìlú rú. Ìtọ́jú ibẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun wa ti ojú ogun dé pẹ̀lú àrùn ọpọlọ. Ní 1944, Láńtòrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kó wọn sí, nínú ilé tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹni tí ó báni jagun, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni a fi ṣe ilé ìwòsàn fún un.

Ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì ti kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Maudsley ní Denmark Hill. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Nunhead, bí ó bá ti kọjá Peckham Rye, Denmark Hill ló kàn. Ìtòsí wa níbí ni ó ti gba ìmọ̀ náà lọ sílé.

Nígbà tí ó dé Àrò, wọn kò tí ì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ káwọ́ gbera. Ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé mẹ́rin tó yí ibẹ̀ ká, pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn.

Òfin kan wà níbẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ẹbí mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú lówùúrọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán, a padà sí abúlé láàrin àwọn ènìyàn. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Abẹ́òkúta láti jíròrò lórí àrùn ọpọlọ. Lambo fúnra rẹ̀ di olórí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó kú ní 2004.

Àwọn àgbà wa ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Wọ́n tún ní wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò mọ́. Àrò fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í ṣe òótọ́. Àwọn tí a ti sọ ìrètí nù lórí wọn padà sílé, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ilẹ̀ England tí a wà yìí, bí a bá wo iye ènìyàn tí a jẹ́, ìwọ̀n àwa aláwọ̀ dúdú tí a ń fi òfin dá dúró sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni pé ìtìjú ń jẹ́ kí a pẹ́ jù. A ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí ọlọ́pàá yóò fi wá gbé ọmọ wa lọ. Lẹ́yìn náà, a ó sọ fún àwọn ará ìlú pé ó lọ sí ìrìn àjò, kò sì ní sí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè bá dókítà àdúgbò yín sọ̀rọ̀ bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan kò sùn mọ́, tàbí tí ó ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ máa gbàdúrà. Oògùn kò bá àdúrà jà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa aláìsàn tàbí kí ó de é mọ́lẹ̀ nítorí ìtúsílẹ̀. Bí ará wa kan bá wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ béèrè wákàtí ìbẹ̀wò, kí ẹ sì gbé abọ́ oúnjẹ dání. Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run fi ń ṣàánú. Ní Àrò, ọwọ́ ìyá tó ń ro àmàlà wà lára rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tu gbogbo ọkàn tó gbọgbẹ́ láàrin wa nínú. Àmín.